Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún lẹ́yìn eré sísá

Ọ̀rọ̀ èémí ọmọ la fẹ́ sọ lónìí.

Ọmọ mìíràn wà, bí ó bá sáré díẹ̀, á jókòó. Á máa wúkọ́, àyà rẹ̀ á máa dún bí fèrè. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ó lè jẹ́ ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní asthme lédè Faransé. Àrùn yìí kì í ràn.

Kí ló fà á? Bí a bá ń sáré, ẹnu la fi ń mí, a sì ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ń gbẹ ọ̀nà èémí, pàápàá nígbà ọyẹ́. Lára ọmọ tó ní ikọ́ fée, ọ̀nà náà á há. Èémí kò ní lè jáde dáadáa.

Bí ọmọ náà bá sinmi, àyà rẹ̀ á tún là. Kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti yá. Dókítà lè gbọ́ àyà rẹ̀ kó má rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn èémí ọmọ ṣáájú eré àti lẹ́yìn eré.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ní ihò bí fèrè, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ọmọ á fa èémí sínú dáadáa, á fi ètè pa ihò náà dé, á sì fẹ́ ẹ tagbáratagbára. Àmì kan á sún lọ síbi nọ́ńbà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò fẹ́ ẹ. Nọ́ńbà tó pọ̀ jù ni wọn á kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ á sáré fún ìṣẹ́jú 6, á sì tún fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ká ní ó fẹ́ 300 kó tó sáré, tó wá fẹ́ 240 lẹ́yìn eré. 60 ló dín, ìyẹn 20 nínú 100. Bí ohun tó dín bá ju 15 nínú 100 lọ, dókítà á fura sí ikọ́ fée.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n wọn èémí àwọn ọmọ ilé ìwé báyìí ní ọdún 1993 àti 2003. Ní 1993, bí ọmọ 3 nínú 100 ni èémí wọn dín lẹ́yìn eré. Ní 2003, ó di bí 5 nínú 100. Àwọn ọmọ abúlé wà nínú wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi eré dán ọmọ wò nílé, torí àyà rẹ̀ lè dí. Níbi tí oògùn wà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé lẹ́yìn eré ni ikọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ bó ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ bi í níbi tí wọ́n ti lè wọn èémí ọmọ náà. Oògùn tí à ń fà sínú àyà wà. Bí ọmọ bá ń lò ó bí dókítà ti wí, ó lè tún bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè sọ̀rọ̀ tán kó tó tún mí, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìdájí.

Ẹ ka èyí fún aládùúgbò yín tí kò tíì mọ̀wé.