"Kò Tíì": Ọ̀rọ̀ Àbínibí fún Ìṣirò Àkókò-dé-Ìṣẹ̀lẹ̀

Bí a bá béèrè bóyá àrùn kan ti padà sára aláìsàn, ọ̀nà méjì ni Yorùbá lè gbà dáhùn pé rárá: "kò padà" àti "kò tíì padà". Èkíní ti parí ọ̀rọ̀. Èkejì fi hàn pé ojú ṣì wà lọ́nà. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìṣirò àkókò-dé-ìṣẹ̀lẹ̀ dúró lé, èyíinì ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tí í wádìí bí yóò ti pẹ́ tó kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe ikú, ìpadàbọ̀ àrùn, tàbí bíbàjẹ́ ẹ̀rọ.

Ní ọdún 1963, Emil Freireich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò oògùn 6-mercaptopurine jáde. Aláìsàn 42 tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wọn ti rọlẹ̀ ni ìṣirò náà kàn. Àwọn 21 lo oògùn náà. Àwọn 21 yòókù lo ohun tí ó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní agbára oògùn. Àrùn padà sára gbogbo àwọn ìkẹyìn yìí. Nínú àwọn tí ó lo oògùn, ó padà sára ẹni 9. Kò tíì padà sára ẹni 12 nígbà tí a wò wọ́n kẹ́yìn.

Kí ni kí a ṣe sí àwọn 12 yìí? Bí a bá yọ wọ́n dànù, agbedeméjì àkókò àwọn 9 yóò jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 péré, a ó sì ti ba oògùn náà lórúkọ jẹ́.

Ọ̀nà tí Edward Kaplan àti Paul Meier gbé kalẹ̀ ní 1958 ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ẹni 21 wà lójú ewu. Àrùn padà sára 3. Àwọn tí ó bọ́ jẹ́ 18 nínú 21, èyíinì ni 0.857. Ẹnì kan tún wà tí ọ̀sẹ̀ 6 náà ni a wò ó mọ. Nítorí náà ẹni 17 ni ó kù lójú ewu ní ọ̀sẹ̀ 7, àrùn sì padà sára ẹnì kan. A ó sọ 0.857 di ìlọ́po 16 nínú 17, yóò sì fún wa ní 0.807. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 23 ni iye náà tó wálẹ̀ kọjá ìdajì. Agbedeméjì di 23, kì í ṣe 10.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ipò àwọn 12 náà jọ èyí tí wọ́n ń lò fún ìjọba tí ó ń pa ìròyìn rẹ́. Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e yóò kọ "ìparẹ́", akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì pa wọ́n rẹ́ ní tòótọ́. "Àìlópin" náà kò tọ́, nítorí pé òpin lè wà níwájú. "Àìtíìrópin" ni ó bá ọ̀ràn mu: a kò tíì rí òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí a bá a dé.

Ìkìlọ̀ kan ni ó kù fún olùkọ́. Ìdí tí a kò fi rí òpin kò gbọdọ̀ tan mọ́ ewu fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí àìsàn ń wọ̀ lára ni ó ń sá kúrò nílé ìwòsàn, ìṣirò náà yóò tan ni jẹ.