Bí Ìròyìn Ìlú Ti Di Ohun Kíkà ní Abẹ́òkúta

Kí ìwé ìròyìn tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ìlú kò ṣàìní ìròyìn. Bí ọba àti àwọn ìjòyè bá ti fi ẹnu ọ̀ràn kan jóná, akéde yóò mú agogo rẹ̀, yóò sì máa kéde láti àdúgbò kan dé òmíràn ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ti oko dé. Èyí tí agogo kò bá sọ, ọjà ni yóò sọ ọ́. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Ẹni tí kò bá sí nílé nígbà tí agogo dún, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ti gba ẹnu mẹ́ta kọjá kì í sábà rí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde ní ààfin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí ibi tí ènìyàn lè padà sí láti wo ohun tí a sọ gan-an.

Ní Abẹ́òkúta ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà mìíràn. Ìlú tuntun ni Abẹ́òkúta nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn kó ara wọn jọ sí abẹ́ Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣáájú wọn. Àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan dó sí àdúgbò tiwọn, wọ́n sì pa orúkọ ìlú wọn àtijọ́ àti oyè wọn mọ́. Nítorí náà ìlú ńlá kan ni lójú àlejò, ṣùgbọ́n ìlú púpọ̀ ni nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti tà sí oko ẹrú, tí a sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, bẹ̀rẹ̀ sí í ti Sàró padà wá sílé. Púpọ̀ nínú wọn mọ̀wé, wọ́n sì ń wá ìbátan wọn.

Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1843. Ní 1846 ó padà wá láti gbé ibẹ̀. Ní 1854 ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní ìlú náà, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Òjé kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a sì yọ ojú rẹ̀ ní òdìkejì, gẹ́gẹ́ bí ojú ènìyàn ti í rí nínú dígí. Ọwọ́ ni a fi ń to wọn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ìlà yóò fi kún, títí ojú ìwé yóò fi kún. Lẹ́yìn náà ni a óò fi yíǹkì pa á, a óò tẹ́ ìwé lé e, a óò sì tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, a óò tú gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí, a óò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ kò tíì fi ìdí múlẹ̀ tán ní àkókò náà.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ sì ni iye rẹ̀. Èyí jẹ́ okùn mẹ́ta, bí a bá ka ogójì owó sí okùn kan. Yorùbá nìkan ni a fi kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1860 ni a fi Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìjọ ni ó pọ̀ jù: àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún, àwọn tí ó gbéyàwó, àwọn tí ó kú, òjíṣẹ́ tí ó dé àti èyí tí ó lọ. Ẹni tí ó bá rò pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kò tíì gbé ìlú tí ogun tú ká rí. Ní ibi tí ìyá ti ń wá ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n sì ń bèèrè bóyá àbúrò wà láàyè, kí a kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí ó ṣe, ọ̀rọ̀ ìlú wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ òwú pàápàá. Òwú Ẹ̀gbá ń gba Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, tí òwú ibẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́, owó òwú gòkè. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ èyí kí ó tó ta tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogun kò sì jìnnà sílé. Láti 1860 ni Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń jà, Ẹ̀gbá sì lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́, títí Ìjàyè fi ṣubú ní 1862.

Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, láti ìgbà náà ni àárín Èkó àti Abẹ́òkúta kò ti gún. Ìjà náà dá lórí ọ̀nà, owó ibodè àti ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ọjà tí ń kọjá. Ìwé ìròyìn náà gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, inú àwọn aláṣẹ Èkó kò sì dùn sí i. Ní 1865 ni ọmọ ogun Glover lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Ní 1867, Glover fi àwọn ọlọ́pàá sí ojú ọ̀nà, lórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí tiwọn. Ìbínú ìlú ru. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, a ya wọ àwọn ilé ìjọ, a kó wọn lẹ́rù, a sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọ̀ràn náà. Àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní ìlú.

Ohun tí ó ṣòro láti gbà ni pé ìwé tí ó ti gbèjà Ẹ̀gbá lójú Èkó, ọwọ́ Ẹ̀gbá ni ó kú sí, nítorí ìjà Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ya wọlé ní ọjọ́ náà kò bèèrè ohun tí ó ti kọ. Púpọ̀ nínú wọn kò lè kà á. Ọgbà òyìnbó ni wọ́n rí, ẹ̀rọ òyìnbó sì ni ó wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìlú ni ó ń to lẹ́tà ibẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìlú sì ni ó ń tẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún kọjá kí Ìwé Ìròhìn Èkó tó jáde ní Èkó ní 1888. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Èkó Akéte dé ní 1922, àti Yorùbá News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Orúkọ ti Thomas yìí tọ́ka sí ẹni tí iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: akéde, ẹni tí agogo rẹ̀ kò dákẹ́ ní Abẹ́òkúta ní gbogbo ọdún tí ẹ̀rọ fi dákẹ́.