Àlàáfíà Lára Àwo Sípéènì

Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Hausa ti ń gbọ́ "lafiya" láti kékeré, a sì mọ̀ pé "àlàáfíà" tiwa bá a tan. Láti inú èdè Lárúbáwá ni méjèèjì ti wá. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà lára àwo àtijọ́ ilẹ̀ Sípéènì, ó sì wà lára ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwo náà. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ló sọ ọ́ di funfun: wọ́n á sun òjé àti tánńganran pọ̀ di eérú, wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Tánńganran yìí, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Jos, ló ń bo àwọ̀ amọ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ibi tí etí àwo ti kán ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí amọ̀ sísun, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ó bá funfun dénú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ti Ṣáínà. Ẹ tún wá àpá kéékèèké mẹ́ta: amọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń la àárín àwo nínú iná kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra.

Ìlú Manises, nítòsí Valencia, ló lókìkí jù láàárín 1400 sí 1500. Àwọ̀ aró àti àwọ̀ wúrà ni tiwọn. Kò sí wúrà níbẹ̀ rárá! Fàdákà àti bàbà ni, tí wọ́n fi èéfín iná ẹlẹ́ẹ̀kẹta mú dán. Èyí tó bá pọ́n bíi bàbà sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn 1600.

Ní ti ọ̀rọ̀ wa, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára àwo. Wọ́n ń tún un kọ títí ó fi di ọnà lásán tí Ààfáà kò lè kà mọ́. Ní 1609, Ọba Philip Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn ìran Mùsùlùmí kúrò ní Valencia, àní àwọn tí wọ́n ti fipá sọ di Kristẹni pàápàá. Amọ̀kòkò wà lára àwọn tó lọ. Síbẹ̀, "alafia" ni àwọn ará Sípéènì ṣì ń pe ọnà náà.

Ẹ ṣọ́ra o, nítorí wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀ púpọ̀ kí 1900 tó dé. Bí ìdí àwo bá dọ̀tí dọ́gba yíká, ẹ fura. Kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀: àwọn ará Manises máa ń ya ewé tàbí ẹyẹ idì sí ẹ̀yìn àwo pẹ̀lú.