Ibi Tí Ohun Rírọ̀ Gbé Ń Di Líle

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ wa pé omi a máa di yìnyín ní dígírì 0 ní ìwọ̀n Celsius. Ìbáà jẹ́ omi inú ife, ìbáà jẹ́ omi inú àgbá, nọ́ńbà kan náà ni a kọ́ sórí. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í yẹ̀, níbi tí ó ti ń le. A fẹ́ fi hàn nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún ohun gbogbo, àti pé olùkọ́ tí yóò bá fi nọ́ńbà kọ́ ọmọdé ní láti mọ bí a ti ṣe rí nọ́ńbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ṣúgà. Bí a bá sè é lórí iná títí omi inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí a sì dà á sórí àwo kí ó tutù, a máa ki díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa dán, tí yóò sì máa fọ́ bí dígí. Irú líle yìí yàtọ̀ sí ti yìnyín. Nínú yìnyín, àwọn mólékù, èyíinì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí ohun gbogbo fi wà, tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ogun. Nínú ohun tí ó le bí dígí, wọn kò tò rárá. Ibi tí otútù bá wọn ni wọ́n dúró sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí a ń pè ní pólímà, tí mólékù wọn gùn bí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ni polystyrene, tí a fi ń ṣe ohun funfun fífúyẹ́ tí ó máa ń yí ẹ̀rọ tuntun ká nínú páálí. Ní nǹkan bí dígírì 100 ni ó ń ti inú rírọ̀ bọ́ sínú líle. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìwọ̀n ìle rẹ̀.

Njẹ́ nọ́ńbà yìí ha dúró lójú kan bí? Rárá o. Ẹ ronú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń ṣeré ní pápá. Bí olùkọ́ bá fi sùúrù lu agogo, wọn yóò ráyè súnmọ́ ara wọn kí wọ́n tó dúró. Bí ó bá kígbe lójijì pé, “Ẹ dúró!” olúkúlùkù yóò dúró gbagidi sí ibi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ti mólékù. Bí a bá mú pólímà tutù kíákíá, kò ní rí àyè tún ara rẹ̀ tò, yóò sì le nígbà tí ooru ṣì pọ̀. Bí a bá mú un tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ooru yóò lọ sílẹ̀ sí i kí ó tó le. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le. Fún polystyrene, bí a bá sọ ìyára ìtutù di ìlọ́po mẹ́wàá, ìwọ̀n ìle rẹ̀ a gòkè ní nǹkan bí dígírì 3 sí 5.

Ti ohun nínípọn nìyẹn. Ní ọdún 1994, Keddie, Jones àti Cory ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ polystyrene sórí silicon ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí awọ náà ti nípọn tó bí ooru ti ń yí padà. Ohun tí ń tutù a máa súnkì; ṣùgbọ́n nígbà tí pólímà bá ti le, ìsúnkì rẹ̀ a dín kù. Bí a bá ya ìlà rẹ̀ sórí ìwé, ibi tí ìlà náà ti tẹ̀ ni ìwọ̀n ìle. Nanometre kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan milimita. Ewé ìwé kan nípọn tó nǹkan bí 100,000 rẹ̀. Nígbà tí awọ náà kò tó nǹkan bí 40 nanometre mọ́, ìwọ̀n ìle rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 10 nanometre, ó ti fi nǹkan bí dígírì 25 relẹ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀? Mólékù tí ó wà láàárín ní aládùúgbò ní ìhà gbogbo. Èyí tí ó wà lójú awọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn án, kò ní aládùúgbò lókè. Nítorí náà ó ń mira nígbà tí àwọn ti inú kò lè mira mọ́. Nínú ohun nínípọn, àwọn ti ojú kò tó nǹkan. Nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n di ìdá ńlá. Ohun tí a tẹ́ awọ sí pẹ̀lú ní agbára tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan náà rí i pé ìwọ̀n ìle pólímà mìíràn, PMMA, gòkè lórí silicon tí afẹ́fẹ́ ti mú kí èèpo bò, nítorí mólékù rẹ̀ di èèpo náà mú ṣinṣin; ṣùgbọ́n lórí wúrà, ó lọ sílẹ̀.

Àríyànjiyàn ńlá tẹ̀lé èyí. Àwọn kan wọn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n rí ìyípadà. Àwọn mìíràn wọn irú rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ní ọdún 2005, Zahra Fakhraai àti James Forrest ní Yunifásítì Waterloo ní ilẹ̀ Kánádà mú awọ polystyrene tí ó nípọn láti 6 dé 90 nanometre tutù ní oríṣìíríṣìí ìyára. Nígbà tí ooru ń fi dígírì 1 lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ìle àwọn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ relẹ̀ gidigidi. Nígbà tí ó ju dígírì 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyàtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí pápá wa. Nígbà tí ooru pọ̀, àwọn ti inú ń sáré bí àwọn ti ojú. Ìtutù kíákíá dá gbogbo wọn dúró níbẹ̀, a kò sì rí ìyàtọ̀. Ìtutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ibi tí ó ti rẹ àwọn ti inú, tí àwọn ti ojú ṣì ń ṣeré. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn. Èyí kò parí gbogbo àríyànjiyàn náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni méjì lè wọn ohun kan náà, kí nọ́ńbà wọn yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì purọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán. Awọ pólímà ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ń tẹ́ sórí silicon láti fi ya ọ̀nà tí iná yóò gbà. Bí awọ náà bá rọ̀ níbi tí wọ́n gbà pé ó le, àwòrán náà yóò bàjẹ́.

Fún àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá mú nọ́ńbà tí ó yàtọ̀ sí ti inú ìwé wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára fà á igi lé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í pé, “Báwo ni o ti wọ̀n ọ́n?” Ó lè jẹ́ pé ó ṣì í, ó sì lè jẹ́ pé ó rí ohun tí àwa kò rí.