Bakitéríà Inú Ẹrẹ̀ àti Òkúta Dolomite

Òkúta kan tó ti pẹ́ tó ń da orí àwọn onímọ̀ rú ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ṣé ẹ mọ òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì? Calcium ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni dolomite, àmọ́ calcium àti magnesium ló jọ wà nínú tirẹ̀, wọ́n tò ní ìpele-ìpele. Láti 1791 ni Dolomieu, ará Faransé, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ nìyí: láyé àtijọ́, dolomite pọ̀ débi tó fi di odindi òkè ní Ítálì. Òkun òde òní ní gbogbo èròjà rẹ̀, síbẹ̀ agbára káká la fi ń rí ibi tó ti ń dì lónìí.

Lynton Land, ní Yunifásítì Texas, po èròjà yìí sómi ní ìwọ̀n ooru 25 Celsius, ní ìlọ́po 1,000 ohun tó yẹ kó tó. Ó fi ọdún 32 dúró. Kò rí nǹkan kan! Kò sì fi pamọ́; ó kọ ọ́ síta lọ́dún 1998. Òótọ́ inú bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìmọ̀ ń fẹ́.

Kí ló ń dí i lọ́wọ́? Omi máa ń lẹ̀ mọ́ magnesium pinpin, kì í jẹ́ kó ráyè wọnú òkúta.

Ní Lagoa Vermelha, ọ̀sà kan nítòsí Rio de Janeiro tí iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ, Vasconcelos àti McKenzie rí dolomite tuntun nínú ẹrẹ̀ dúdú. Bakitéríà ibẹ̀ kì í lo ọ́síjìn, sulphate ni wọ́n fi ń mí. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ ni wọ́n ń tú jáde, wọ́n sì ń sọ omi náà di èyí tí òkúta lè dì nínú rẹ̀. Ohun yíyọ̀ tó bo ara wọn a máa gbá magnesium mú, a sì bá a já omi kúrò lára. Nígbà tí wọ́n sin bakitéríà náà ní láàbù, dolomite dì níbẹ̀ láàrin nǹkan bí ọdún kan. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé èsì yìí jáde.

Mi ò sọ pé bakitéríà ló ṣe gbogbo dolomite ayé o. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ náà ń sọ òkúta mìíràn di dolomite. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èròjà nìkan kì í di ọbẹ̀. Ẹ máa bèèrè alásè.