Kí ni Akẹ́kọ̀ọ́ ń Wá Lọ sí Ojúbọ Fẹlá?

Nígbà tí atọ́kùn ètò yìí kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ilé ijó ni òun fẹ́ kí n wá sọ, mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Èdè àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Kí ni ó kan olùkọ́ èdè níbi tí wọ́n ti ń fun fèrè, tí wọ́n sì ń lu ìlù títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ó sí i, mo rí i pé ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ilé ijó tí mo ní lọ́kàn ni Afrika Shrine tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì dá sílẹ̀ ní Èkó. Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a bá lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé Shrine kò wà lójú kan rí. Ilé ijó Kakadu ní Alágomẹ́jì, Yábàá, ni Fẹlá ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Afro-Spot ni ó sọ ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó kó lọ sí Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, ní agbègbè Múṣin, tí ó dojú kọ ilé tirẹ̀ tí ó pè ní Kalakuta. Níbẹ̀ ni orúkọ náà, Afrika Shrine, ti rinlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo Kalakuta, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju Fúnmiláyọ̀, ìyá Fẹlá, sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni Shrine bọ́ sí Pepple Street ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ni Fẹlá sì ti ń ṣeré títí di ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ilẹ̀ Pepple Street kò sí lọ́wọ́ ẹbí mọ́. Èyí tí àlejò ń lọ wò lóde òní, ní Agídíngbì, Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ ni ó ṣí i ní ọdún 2000.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ sí Agídíngbì láti wo ibi tí Fẹlá dúró sí kọrin ti ṣìnà. Fẹlá kò dúró níbẹ̀ rí. Kí ni a wá ń wá lọ?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ náà wò. Fẹlá fi Spot sílẹ̀, ó mú Shrine. Ojúbọ ni Shrine lédè wa, kì í sì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi pè é bẹ́ẹ̀: ojúbọ gidi wà nínú ilé ijó náà, tí àwòrán àwọn bí Kwame Nkrumah wà níbẹ̀, a sì máa ṣe ètùtù níbẹ̀ ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá mọ̀ pé ojúbọ ṣeé ṣí nípò. Bí ìdílé kan bá kó kúrò ní Ọ̀yọ́, wọn a gbé Ṣàngó wọn dání, wọn a sì tún ojúbọ tẹ̀ síbi tí wọ́n bá dé. Ohun tí ó sọ ibẹ̀ di ojúbọ ni ìṣe tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ògiri kọ́.

Ìṣe wo ni wọ́n wá ń ṣe ní Shrine? Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Orin tí ó bá ti wọ inú àwo, Fẹlá kì í kọ ọ́ mọ́ lójú agbo. Àlejò tí ó bá ra àwo, tí ó wá sáré lọ sí Shrine kí ó lè gbọ́ orin inú rẹ̀, asán ni yóò bá bọ̀ nílé. Orin tuntun ni yóò bá níbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rà. Orin bẹ́ẹ̀ lè wà lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún, kí ó tó wọ àwo. Yóò lé e lónìí, èrò yóò gbè é. Bí ègbè bá dùn lẹ́nu wọn, yóò dúró. Bí kò bá dùn, yóò pa á tì. Iṣẹ́ oníjàálá náà nìyí: kò sí oníjàálá kan tí ó ń sun ìjálá bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú àwọn tí ó jókòó tì í ni ó ń wò. Àwo tí àwa olùkọ́ ń gbé kalẹ̀ ní kíláàsì, tí a ń tú palẹ̀ gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ̀dà ìkẹyìn ni. Shrine ni wọ́n ti kọ ọ́, tí wọ́n ti pa á rẹ́, tí wọ́n sì ti tún un kọ.

Òru ọjọ́ Ẹtì ni ti yàbísì. Fẹlá yóò dá orin dúró, yóò máa sọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ìlú ní èdè Pijin tí ó lú mọ́ Yorùbá, èrò yóò sì máa dá a lóhùn. Wọn a bú òun náà. Àwọn kan ń pe èyí ní àṣà tuntun, ṣùgbọ́n àwọn ará Kétu mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní òru tí ó ṣíwájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin tú àṣírí ẹni tí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́ nílùú, onítọ̀hún kò sì gbọdọ̀ bínú. Ìbàdàn ní Òkè'Bàdàn tirẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn tí Fẹlá ń bú bínú, wọ́n sì ní ìbọn.

Níti gbígbè, ilé ni a ti kọ́ èrò Shrine. Ní ọdún 1973, Fẹlá gbé orin kan jáde tí ó pè ní Alu Jon Jonki Jon. Kò sí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó ti wá: àlọ́ ajá tí ó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sójú ọ̀run nígbà ìyàn, tí ìjàpá wá mọ àṣírí náà. Ọmọ tí ó bá ti gbè orin àlọ́ yìí lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń gbè ní Shrine.

Mo mọ̀ pé olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí irú ibẹ̀ yóò ní ẹjọ́ í rò. Òbí kan bi mí bóyá igbó ni mo fẹ́ lọ kọ́ wọn ní mímu. N kò bá a jiyàn. Wọ́n mu igbó ní Shrine, orin Fẹlá nípa obìnrin sì wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́binrin mi kò fara mọ́, n kò sì ní kí wọ́n fara mọ́ ọn. Àwọn àgbàlagbà ọmọ yunifásítì ni mo kó lọ. (Ní oṣù Keje ọdún 2018, Emmanuel Macron, tí ó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Faransé nígbà náà, lọ sí Shrine ti Agídíngbì. Láti ọjọ́ náà, àwọn òbí kan ti dẹ ohùn wọn sílẹ̀ díẹ̀!)

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ, nítorí pé Fẹ́mi ti sọ ọ́ di àṣà láti máa ṣe ìdánrawò lójú gbogbo ènìyàn ní Ọjọ́bọ̀, láìgba owó ìwọlé. Gbọ̀ngàn ńlá ni, àwòrán àwọn ajìjàgbara wà lára ògiri. Àwọn olórin fun fèrè kan, wọ́n dá a dúró lágbedeméjì, wọ́n tún un fun lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fajú ro, ó ní, "Ọ̀gá, orin yìí kò mà parí." Mo ní ohun tí a bá wá gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan ni èyí. Lẹ́yìn àwo Underground System, tí ó jáde ní ọdún 1992, Fẹlá kò gbé orin tuntun jáde mọ́, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ ní Pepple Street. Àwọn orin bí Bamaiyi àti Clear Road for Jaga Jaga, Shrine ni wọ́n pin sí. Inú téèpù àwọn tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n wà, àti ọkàn àwọn tí ó gbè wọ́n. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 20 ní ọdún 1992 ti lé ní 50 báyìí. Iṣẹ́ tí mo ń fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí: kí wọ́n wá àwọn ènìyàn náà kàn, àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́jà, àwọn ará àdúgbò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, a bá bàbá kan níta tí ó ń ta sìgá àti gúgúrú. Ó ní òun ti tajà rí lẹ́nu ọ̀nà Pepple Street. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fajú ro lẹ́ẹ̀kan kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orin wo ni ẹ rántí?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè orin kan tí n kò gbọ́ nínú àwo kankan rí. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un ṣe. Ìgbà kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó yíjú sí mi, bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi mí èwo ni kí òun kọ. Mo ní kí ó kọ méjèèjì.