ỌRÙN RÍRO ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀ NÍPA ỌWỌ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọrùn ni ẹrù náà ń wọ̀, nítorí orí àgbàlagbà a máa wúwo tó kílógíráàmù 4 tàbí 5, eegun 7 péré ni ó sì wà nínú ọrùn tí ó gbé e ró.

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, alábàárù a máa gbé ẹrù lé òṣùká láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ a jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abẹ́òkúta. Aránṣọ a tẹríba sórí ẹ̀rọ rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Bí ọrùn wọn bá le, tí ó sì ń ro wọ́n bí wọ́n ti ń yí i, kì í sábà jẹ́ àìsàn búburú: iṣẹ́ ni ó ni iṣan àti oríkèé lára.

Ewu wà nínú ohun tí àwọn kan ń ṣe sí i. Ẹlòmíràn a jókòó lórí àga onígbàjámọ̀, a ní kí ó fi agbára yí ọrùn òun lójijì títí yóò fi dún. Dídún yìí kì í ṣe eegun tí ó padà sí ipò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ sí ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá. Kì í sábà ya. Bí ó bá ya, ó lè di àrùn rọpárọsẹ̀.

Ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá ibi ìtọ́jú Ìgbóbì sílẹ̀ ní Èkó fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní iṣẹ́ físíotẹ́rápì. Oníṣẹ́ yìí a kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè, a wo bí ọrùn ti ń yí sí ọ̀tún àti sí òsì, a sì dán agbára ọwọ́ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọwọ́ wọ́ iṣan tí ó le, tí yóò sì fi àtàǹpàkò rọra máa ti eegun kọ̀ọ̀kan. Geoffrey Maitland, ará Ọsirélíà, pín títì yìí sí ìwọ̀n 4. Brian Mulligan, ará New Zealand, kọ́ni pé kí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa yí ọrùn bí oníṣẹ́ ti ń ti eegun, láìsí ìrora.

Síbẹ̀, ọwọ́ nìkan kò tó. Ìtọ́jú náà a máa ṣiṣẹ́ dáadáa bí aláìsàn bá ń fi eré ìdárayá tì í lẹ́yìn nílé: kí ó jókòó ṣánṣán, kí ó fa àgbọ̀n sẹ́yìn, kí ó kà dé 5, kí ó sì ṣe é ní ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ó pín ẹrù sí méjì. Ìrora a sábà máa dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọrùn bá le pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́ líle. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára. Bí ènìyàn bá jábọ́ láti orí ọ̀pẹ tàbí alùpùpù. Bí ìtọ̀ kò bá ṣeé dá dúró mọ́: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ yí ọrùn náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò. Kí wọ́n tètè gbé e lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ọrùn kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní.